Owó iṣẹ́ àti iyì iṣẹ́

Owó iṣẹ́, tí a tún ń pè ní owó ọ̀yà, tàbí owó-oṣù bí a bá ń san án lóṣooṣù, ni iye tí agbanisíṣẹ́ ń san fún òṣìṣẹ́ nítorí àkókò, agbára àti ìmọ̀ tí ó lò. Iye yìí kì í dọ́gba láti iṣẹ́ kan sí òmíràn. Awakọ̀ òfúrufú ń gba ju awakọ̀ bọ́ọ̀sì lọ, òṣìṣẹ́ báǹkì sábà máa ń gba ju olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, ẹni tó ń gbá títì sì wà lára àwọn tí owó wọn kéré jù lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìyàtọ̀ yìí ń fi hàn bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti wúlò tó. Àmọ́ ìtàn owó iṣẹ́ fi hàn pé kì í ṣe ìwúlò nìkan ni owó ń wọ̀n. Ó tún ń wọn bí àwọn tó lè ṣe iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó, bí agbára wọn láti dúnàá-dúrà ti tó, àti irú ojú tí àwùjọ fi ń wo ẹni tó ń ṣe é. Nítorí náà, owó iṣẹ́ kan lè yí padà láìjẹ́ pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ yí padà.

Ìwúlò, iye ọjà àti iyì

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ nígbà tí a bá ń sọ pé iṣẹ́ kan níye lórí. Èkíní ni ìwúlò, èyíinì ni ohun tí àwùjọ yóò pàdánù bí kò bá sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Èkejì ni iye ọjà, èyíinì ni owó tí agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ san kí ó tó rí ẹni ṣe é. Ẹ̀kẹta ni iyì, ọ̀wọ̀ tí àwọn ènìyàn ń fún ẹni tó ń ṣe é. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè bá ara wọn rìn, wọ́n sì lè yapa. Dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ sábà máa ń ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Olùkọ́ ní ìwúlò, ó sì ti ní iyì púpọ̀ rí ní ilẹ̀ Yorùbá, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ní Nàìjíríà, pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà, jẹ́ ọ̀nà láti sọ pé owó rẹ̀ láyé kò tó nǹkan.

Adam Smith, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ọmọ ilẹ̀ Scotland, kọ nípa irú ìyapa yìí nínú ìwé rẹ̀, The Wealth of Nations, tí ó jáde ní ọdún 1776. Ó tọ́ka sí i pé kò sí ohun tó wúlò tó omi, síbẹ̀ ènìyàn kò lè fi omi ra nǹkan kan tó jọjú. Dáyámọ́ńdì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wúlò fún ohunkóhun, síbẹ̀ a lè fi gba ọjà rẹpẹtẹ. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ṣe láti nǹkan bí ọdún 1870 síwájú ni pé iye owó kì í tẹ̀lé ìwúlò gbogbo omi tó wà láyé. Ohun tó ń tẹ̀lé ni ìwúlò ife omi kan sí i fún ẹni tó ti ní omi nílé.

Bákan náà ni ọ̀ràn iṣẹ́ rí. Agbanisíṣẹ́ kì í bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ìlú yóò dà bí kò bá sí agbálẹ̀ kankan mọ́. Ohun tó ń rò ni iye tí yóò ná an láti rí agbálẹ̀ kan sí i. Bí ogún ènìyàn bá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nítorí àyè iṣẹ́ kan ṣoṣo, owó náà yóò lọ sílẹ̀, bó ti wù kí iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì tó.

Àwọn ohun tó ń fa ìyàtọ̀

Nínú ìwé kan náà, Smith ka ohun márùn-ún tó ń mú kí owó iṣẹ́ yàtọ̀ síra:

- Bí iṣẹ́ náà ti rọrùn tàbí ti nira, bí ó ti mọ́ tàbí ti dọ̀tí, bí ó ti ní iyì tàbí ti ní ìtìjú nínú.
- Àkókò àti owó tí ènìyàn ná kí ó tó mọ iṣẹ́ náà.
- Bóyá iṣẹ́ náà ń wà déédéé. Bíríkìlà kò lè ṣiṣẹ́ nígbà òtútù líle, nítorí náà owó ọjọ́ tó rí iṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ bo ọjọ́ tí kò rí.
- Bí ìfọkàntán tí iṣẹ́ náà ń béèrè ti pọ̀ tó, gẹ́gẹ́ bí ti alágbẹ̀dẹ wúrà.
- Bí ìrètí àṣeyọrí nínú iṣẹ́ náà ti dájú tó.

Gẹ́gẹ́ bí kókó kìíní, ó yẹ kí iṣẹ́ tó dọ̀tí tàbí tó ní ìtìjú mú owó púpọ̀ wá, kí owó náà lè jẹ́ ìtánràn fún ẹni tó ń ṣe é. Àpẹẹrẹ tí Smith lò ni ti ẹni tó ń pa àwọn tí ilé-ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún, tí owó rẹ̀ pọ̀ ju ti iṣẹ́ mìíràn lọ bí a bá fi wé ìwọ̀nba iṣẹ́ tó ń ṣe. Àmọ́ John Stuart Mill, nínú ìwé rẹ̀ Principles of Political Economy ti ọdún 1848, sọ pé òdìkejì èyí ni a sábà máa ń rí. Iṣẹ́ tó ń tán ènìyàn lókun, tí kò sì wu ẹnikẹ́ni, ni owó rẹ̀ máa ń kéré jù, nítorí pé àwọn tí kò ní ibòmíràn láti lọ ni ó ń ṣe é. Ẹni tí kò lè sọ pé rárá kò lè béèrè ìtánràn.

Nǹkan mìíràn tó ṣe pàtàkì ni agbára àjọṣe. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó lágbára, òfin tó ní kí ẹni tí kò ní ìwé-ẹ̀rí má ṣe iṣẹ́ kan, àti owó tó kéré jù lọ tí ìjọba fi lélẹ̀ lè gbé owó iṣẹ́ sókè ju ibi tí ọjà nìkan ìbá gbé e dé.

Owó iṣẹ́ ní àwùjọ Yorùbá àtijọ́

Kí owó-oṣù tó di ohun tó wọ́pọ̀, ọ̀nà púpọ̀ ni àwọn Yorùbá ń gbà san èrè iṣẹ́ oko. Nínú àáró, àwọn àgbẹ̀ tó jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn máa ń yí láti oko ẹnìkan sí ti ẹlòmíràn, ọjọ́ iṣẹ́ kan sì ni a fi ń san ọjọ́ iṣẹ́ kan. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tó ní iṣẹ́ ńlá, bí ilé kíkọ́ tàbí iṣẹ́ oko àna, máa ń ké sí ẹbí àti ọ̀rẹ́, oúnjẹ àti ẹmu ni ó sì fi ń tọ́jú wọn. Alágbàṣe ń gba owó, èyí tí a sábà máa ń ṣírò lórí iye ebè tó kọ. Ìwọ̀fà ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún olówó nítorí gbèsè tí òun tàbí ẹbí rẹ̀ jẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ dúró gẹ́gẹ́ bí èlé lórí owó náà, kò sì dín ojú owó kù.

Bí a bá fi àwọn mẹ́rin yìí wé ara wọn, ọkọ́ kan náà ni wọ́n ń lò, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n sì ń ro. Ebè tí ìwọ̀fà kọ kò kéré sí èyí tí alágbàṣe kọ, ṣùgbọ́n kò mú owó ẹyọ kankan wọlé fún un. Ohun tó yàtọ̀ ni ipò ẹni tó di ọkọ́ mú. Nínú iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú, bí àgbẹ̀dẹ àti ọ̀nà gbígbẹ́, ọmọ iṣẹ́ kì í gba owó-oṣù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ìmọ̀ iṣẹ́ ni èrè rẹ̀ títí di ọjọ́ tí yóò gba òmìnira. Àṣà yìí ṣì wà láàárín àwọn aránṣọ, mẹkáníìkì àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn títí di òní.

Àsìkò ìjọba amúnisìn

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbilẹ̀, iṣẹ́ akọ̀wé di iṣẹ́ iyì, nítorí pé ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ̀wé. Àmọ́ ìmọ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń pín owó. Ìgbìmọ̀ Harragin, tí ó yẹ owó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wò ní ọdún 1945 sí 1946, fara mọ́ pípín iṣẹ́ ìjọba sí ipò àgbà àti ipò kékeré, ó sì fara mọ́ àfikún owó fún àwọn tó wá láti òkè òkun. Nípa báyìí, ọmọ Áfíríkà àti òyìnbó tí wọ́n wà ní ipò kan náà lè máà gba iye kan náà.

Ogun Àgbáyé Kejì mú kí ọjà wọ́n gógó, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ kò bá a rìn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà, títí kan àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin àti ti ilé ìfìwéránṣẹ́, gùn lé ìyanṣẹ́lódì tí ó lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ọ̀kan lára àwọn aṣáájú wọn ni Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ẹni tí ìjọba ti fi sí àhámọ́ láti ọdún 1943, tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ Tudor Davies, tí ìjọba gbé kalẹ̀ lẹ́yìn náà, dámọ̀ràn ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún àwọn òṣìṣẹ́ nítorí ọ̀wọ́n ọjà. Hubert Ogunde gbé eré orí ìtàgé kan, Strike and Hunger, kalẹ̀ lórí ìjà náà. Iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ reluwé ń ṣe lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì náà kò yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé ìjọba ti rí bí ìlú ti ń rí nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá dúró.

Ní ọdún 1954, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Obafemi Awolowo ń darí, fi ṣílè márùn-ún lójúmọ́ lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó tó kéré jù lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ìpele iṣẹ́ ìjọba àti owó-oṣù tó kéré jù lọ

Lẹ́yìn òmìnira, ìgbìmọ̀ lórí ìgbìmọ̀ ni ó ṣiṣẹ́ lórí owó àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà. Simeon Adebo, ọmọ Abẹ́òkúta, darí ọ̀kan ní ọdún 1970 sí 1971. Èyí tí ènìyàn rántí jù ni ti Jerome Udoji, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1974. Ìgbìmọ̀ Udoji gbìyànjú láti fi ìwọ̀n kan náà wọn gbogbo iṣẹ́ ìjọba, ó sì kó wọn sí ìpele 17, láti ìpele 01 tí ó wà fún àwọn òjíṣẹ́ àti alágbàṣe, dé ìpele 17 tí ó wà fún àwọn ọ̀gá àgbà. Nígbà tí ìjọba san àfikún náà pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ oṣù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọdún 1975, àwọn ènìyàn ń pe owó náà ní “owó Udoji”. Láìpẹ́, ọjà gbówó lórí. Ìyanṣẹ́lódì tún bẹ́ sílẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, nítorí pé òṣìṣẹ́ kì í wo iye tí wọ́n fi kún owó tirẹ̀ nìkan, ó tún máa ń wo iye tí wọ́n fi kún ti ẹnì kejì rẹ̀.

Òfin owó-oṣù tó kéré jù lọ fún gbogbo Nàìjíríà fi ₦125 lélẹ̀ ní ọdún 1981. Ó di ₦18,000 ní ọdún 2011, ₦30,000 ní ọdún 2019, àti ₦70,000 ní oṣù keje ọdún 2024. Iye náírà ń pọ̀ sí i, àmọ́ agbára rẹ̀ kò pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1981, náírà kan ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí òfin ti ọdún 2024, ₦70,000 kò tó dọ́là 50. Ní ọdún kan náà, owó tó kéré jù lọ fún àgbàlagbà òṣìṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ £11.44 fún wákàtí kan. Nípa ìṣirò pàṣípààrọ̀ ìgbà náà, owó oṣù kan ní Nàìjíríà kò tó owó wákàtí mẹ́rin níbẹ̀. Lóòótọ́, owó ilé àti oúnjẹ ní Gẹ̀ẹ́sì ga ju ti Nàìjíríà lọ. Síbẹ̀, àlàfo yìí wà lára ohun tó mú kí àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ báǹkì kan láti Nàìjíríà lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá lẹ́yìn tí ìjọba ibẹ̀ fàyè gba àwọn olùtọ́jú láti òkè òkun lọ́nà gbòòrò ní ọdún 2022.

Àríyànjiyàn ní ẹ̀ka ìlera

Ọ̀kan lára ibi tí owó àti iyì ti so mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí ní Nàìjíríà ni ilé ìwòsàn ìjọba. Láti nǹkan bí ọdún 2009, ètò owó-oṣù méjì ni ó wà níbẹ̀: CONMESS fún àwọn dókítà àti oníṣègùn eyín, àti CONHESS fún àwọn nọ́ọ̀sì, apòògùn, àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yòókù. JOHESU, ìyẹn àjọ tó pa ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n wà lórí CONHESS pọ̀, béèrè pé kí ìjọba tún ètò tiwọn ṣe gẹ́gẹ́ bó ti tún ti àwọn dókítà ṣe. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà, NMA, dúró lórí i pé àlàfo tó wà láàárín ètò méjèèjì gbọ́dọ̀ wà, nítorí gígùn ẹ̀kọ́ dókítà àti bí ẹ̀mí aláìsàn ti wà lọ́rùn rẹ̀. Ní oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún ọdún 2018, JOHESU yan iṣẹ́ lódì fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ohun tó hàn nínú ìjà yìí ni pé kì í ṣe iye owó nìkan ni wọ́n ń jà lé lórí, bí kò ṣe àlàfo náà fúnra rẹ̀. Fún apá kan, àlàfo náà ni ẹ̀rí pé iṣẹ́ wọn ga. Fún apá kejì, òun ni ẹ̀rí pé wọ́n fojú kéré iṣẹ́ tí aláìsàn kò lè ṣe aláìní. Aláìsàn tó wà lórí ibùsùn nígbà ìyanṣẹ́lódì ni ó sì ń jìyà rẹ̀.

Iṣẹ́ ìmọ́tótó

Kí ilé ìgbẹ́ olómi tó wọ́pọ̀ ní Èkó, Ìbàdàn àti àwọn ìlú ńlá mìíràn, àwọn agbépóò ni ó ń kó ìgbẹ́ kúrò nínú ilé lóru. Wọ́n a máa bo ojú wọn kí ará ilé má bàa dá wọn mọ̀. Bí wọn kò bá wá, àìsàn lè gba àdúgbò. Síbẹ̀, orúkọ iṣẹ́ wọn di èébú lẹ́nu àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún.

Irú èyí ṣẹlẹ̀ ní ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1968, àwọn akólẹ̀ méjì tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú sá sínú ọkọ̀ ìkólẹ̀ nítorí òjò, ẹ̀rọ tó ń tẹ ìdọ̀tí pọ̀ sì tẹ̀ wọ́n pa. Ní ọjọ́ 12 oṣù náà, nǹkan bí 1,300 òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lára pátákó tí wọ́n gbé kọ́rùn kò dárúkọ owó rárá. Ohun tí ó sọ ni pé ọkùnrin ni ẹni tó gbé e. Martin Luther King wá sí Memphis láti kún wọn lọ́wọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti pa á ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin. Ní ọjọ́ 16 oṣù náà, ìlú gbà láti mọ ẹgbẹ́ wọn ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ó sì fi kún owó wọn.

Àsìkò àjàkálẹ̀ àrùn COVID-19

Ní ọdún 2020, ìjọba orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní láti kọ orúkọ àwọn iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ dúró sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà pa kónílé-ó-gbélé láṣẹ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta, lára àwọn tí òfin náà yọ sílẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìlera, àwọn tó ń ṣe oúnjẹ àti àwọn tó ń pín in, àwọn tó ń gbé epo, òṣìṣẹ́ iná mànàmáná àti ẹ̀ṣọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ẹni tó ń gba owó ńlá. Ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará ìlú ń jáde sẹ́nu ọ̀nà ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ láti pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ìjọba ibẹ̀ dábàá àfikún ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ìbínú ará ìlú, ó di ìdá mẹ́ta. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, àwọn nọ́ọ̀sì yan iṣẹ́ lódì. Iyì iṣẹ́ wọn ti ga, àmọ́ iyì nìkan kò gbé owó wọn sókè.

Owó dídọ́gba fún iṣẹ́ tó níye lórí dọ́gba

Ìlànà 100 ti Àjọ Àwọn Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1951, sọ pé ó yẹ kí ọkùnrin àti obìnrin gba owó dídọ́gba fún iṣẹ́ tó níye lórí dọ́gba. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní ọdún 1974. Ìlànà náà kò sọ pé kí iṣẹ́ méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà. Nítorí náà, a nílò ọ̀nà láti fi iṣẹ́ kan wé òmíràn. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni ìgbéléwọ̀n iṣẹ́, níbi tí a ti ń fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì lórí ohun mẹ́rin: ìmọ̀, agbára tí ó ń gbà, ẹrù ojúṣe, àti bí ibi iṣẹ́ ti rí.

Àmọ́ ẹni tó ń fúnni ní máàkì lè gbé ojú àtijọ́ wá síbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1968, obìnrin 187 tó ń rán ìbora ìjókòó ọkọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Ford ní Dagenham, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, yan iṣẹ́ lódì. Ìgbéléwọ̀n ilé-iṣẹ́ náà ti pín wọn sí ìsọ̀rí B, fún àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọṣẹ́, dípò ìsọ̀rí C. Yàtọ̀ sí èyí, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọkùnrin ìsọ̀rí B ni wọ́n ń gbà. Láìsí ìbora, ọkọ̀ kò lè parí, iṣẹ́ sì dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí mínísítà Barbara Castle dá sí i, wọ́n gba ìdá 92. Ìjà náà wà lára ohun tó bí òfin owó dídọ́gba ti ọdún 1970, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìparí ọdún 1975. Síbẹ̀, ìsọ̀rí B ni wọ́n wà títí di ọdún 1984, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì mìíràn mú kí wọ́n gbé wọn sí ìsọ̀rí C.

Ojú ìwòye àwọn onímọ̀

Èrò àwọn onímọ̀ kò ṣọ̀kan lórí bó ti yẹ kí a ṣe àtúnṣe. Àwọn kan sọ pé owó iṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ bí àmì. Owó gíga ń fi han àwọn ọ̀dọ́ ibi tí òṣìṣẹ́ ti ṣọ̀wọ́n, bí ìjọba bá sì fi agbára pa àlàfo rẹ́, àwọn tí ìmọ̀ wọn ṣọ̀wọ́n yóò wá ibòmíràn lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn dókítà ti ń fi Nàìjíríà sílẹ̀. Àwọn mìíràn dáhùn pé àmì náà kò mọ́, nítorí pé ẹ̀yà, ìbí, àwọ̀ ara, jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, àti àìní ń da ìwọ̀n rú.

Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún. Òṣìṣẹ́ púpọ̀ kò ní ànfààní láti yan ẹni tí wọn yóò tà fún. Nínú àwọn àpẹẹrẹ tó wà lókè yìí, àti ti Èkó ní ọdún 1945, àti ti Memphis àti Dagenham ní ọdún 1968, iṣẹ́ náà wúlò kí ìyanṣẹ́lódì tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ó dúró ni àwọn tó ń sanwó tó ṣírò rẹ̀.